Ṣé O Ti Kí Ìyàwó Rẹ Lónìí?

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, ẹni tó tọ́ mi, ọ̀gá gbogbo télọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àárẹ̀ ọwọ́, ẹ kú ìjókòó ìdí máṣíìnì. Èmi àbúrò yín ló ń kọ̀wé, èmi ìyàwó tuntun, ayọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Bí mo bá jókòó, ẹ̀rín. Bí mo bá dìde, ijó. Bàbá tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa ti fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà rẹ̀ títí kí n lè yéé jó, mo sì dúró, mo ní ẹ má bínú sà, lẹ́yìn náà mo bọ́ bàtà, mo ń jó lọ ní tèmi.

Yàrá kan ni a ní, pẹ̀lú ilé ìdáná kékeré kan tó tóóró débi pé bí ọkọ mi bá ń fọ abọ́, mo gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn kí n tó lè kọjá. Mi ò sì kì í yára kọjá o! Ọkọ mi mọ abọ́ ọ́ fọ̀, Àǹtí. Ọkọ mi mọ aṣọ ọ́ ká. Ọkọ mi ń kọrin tó bá ń fá irùngbọ̀n, ohùn rẹ̀ ò dáa rárá, ó sì dùn létí mi.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe, kí ẹ lè rí nǹkan sọ fún àwọn oníbàárà. Ẹ gbọ́. Iléeṣẹ́ wọn ní kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà. Ó pọ̀ bí eṣú, kò sí ẹni tó lè kà á tán. Wọ́n wá ní ẹ̀rọ kan nínú kọ̀ǹpútà tó gbọ́n díẹ̀ bí èèyàn, tó ń bá wọn tún kóòdù náà ṣe. Wọ́n á rán an níṣẹ́ bí ẹni rán ọmọ: lọ síbẹ̀, wá ohun tó bàjẹ́, tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kó tó tún nǹkan ṣe, ó gbọ́dọ̀ rí i ná, àbí? Irinṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fún un láti fi wá nǹkan. Ọ̀kan ń wá ọ̀rọ̀ gan-an bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ọ̀kan ń wá nǹkan tí a ò mọ orúkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń ṣe nìkan la mọ̀. Ìkẹta ń ṣí ojú ìwé kó lè kà á. Iṣẹ́ ọkọ mi ni láti kọ ìwé ìlànà fún ẹ̀rọ yìí, kó mọ ìgbà tó yẹ kó mú èyí àti ìgbà tó yẹ kó mú tọ̀hún, àti ohun tó yẹ kó ṣe tó bá lọ tó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ṣì ń dán ọkọ mi wò níbẹ̀. Tí ìwé náà bá dáa ni wọn yóò gbà á wọlé pátápátá. Iṣẹ́ yẹn ló gbé wa débí, òun náà ló sì máa jẹ́ ká dúró.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn. Tó bá kọ ọ́ tán nírọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń ṣe ẹ̀rọ! Á fún mi ní ojú ìwé náà, èmi á sì ṣe kìkì ohun tó wà níbẹ̀. Lánàá ó ní, "Wá ṣúgà, orúkọ rẹ̀ ni kí o fi wá a." Mo ka ara gbogbo agolo tó wà nílé ìdáná. Kò sí èyí tí wọ́n kọ ṣúgà sí, nítorí agolo kọfí àtijọ́ la da ṣúgà wa sí. Mo padà, mo na ara bí igi, mo ní, "Kò sí ṣúgà nínú ilé yìí." Ọkọ mi fò sókè! Ó ní, "Gan-an! Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn! Ó á wá orúkọ kan, kò ní rí i, á sì wá bá mi pé nǹkan náà kò sí láyé!" Mo ní nílé wa, tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa ń bi mí pé, "Ṣé ojú lo fi wá a àbí ẹnu? Tí mo bá dìde tí mo bá a níbẹ̀ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé báyìí: *Má sọ pé kò sí. Sọ pé o ò tíì rí i, kí o sì sọ ibi tí o ti wá a.*

Mo ti sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ. Ìyáálé ni mò ń pè é. Ó ṣáà ti wà nílé ọkọ kí n tó dé.

Ẹ bá mi fi aṣọ bo máṣíìnì mi kí eruku má bà á.

Èmi ni,
Kòledákẹ́ yín


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì

Kòledákẹ́,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Oníkọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí ojú mi ò gba ti fóònù. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé ìfẹ́ lẹ gbà yìí?" Mo ní ìwé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọkọ ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n kàn ní kí n bá wọn kà á ni.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ, mo ń fà á sábẹ́ gbogbo ibi tí o ti kọ "ọkọ mi". Ṣọ́ọ̀kì tán lọ́wọ́ mi.

Mo wá ibi tí o ti béèrè orúnkún mi tó ń dùn mí. O mọ̀ pé orúnkún yìí ni mo fi ń tẹ máṣíìnì. O ní kí èèyàn má sọ pé nǹkan kò sí. Ó dáa, mi ò tíì rí i. Mo ti wá a lójú ìwé kìíní, mo ti wá a lójú ìwé kejì, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Àlàyé tí o ṣe nípa iṣẹ́ ọkọ rẹ yé mi. Ó ń kọ̀wé sí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò lójú. Kí Ọlọ́run bá a ṣe é.

Mi ò lè fi aṣọ bo máṣíìnì rẹ. Mo ti gba ọmọ iṣẹ́ tuntun, ìdí rẹ̀ ló wà. Máṣíìnì tí kò bá ṣiṣẹ́, ìpẹtà ní í jẹ ẹ́. Ọmọbìnrin náà ṣe jẹ́jẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá ní kó rán ọwọ́ aṣọ, ó á rán ọwọ́ aṣọ, kò ní sọ ìtàn bàbá ẹni tó ni aṣọ fún ọ. Orí àpótí rẹ ló ń jókòó. Ó bá a mu.

Fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́, èyí tí ọkọ rẹ kò sí nínú rẹ̀. Gbogbo èyí tí o ti fi ránṣẹ́, apá rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ bí ìgbà tí wọ́n ń wọn ọrùn ẹ̀wù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì

Àǹtí mi,

Ta ni? Ta ni ẹ ní ó jókòó lórí àpótí mi? Àpótí tí mo fi ìrọ̀rí sí lórí fúnra mi, tí mo fi ègé aṣọ gbogbo oníbàárà ṣe? Ẹ sì ní ó bá a mu! Kí ló mú kí ẹ máa yin ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ fún mi? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí n máa sọ̀rọ̀ lọ kí oorun má bàa kùn yín lórí iṣẹ́! Ṣé ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ máṣíìnì yẹn máa ń lọ sápá òsì tí èèyàn ò bá fi bébà sábẹ́ rẹ̀? Ẹ má sọ fún un. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Inú mi ṣì ń dùn o, kí ẹ má rò pé inú mi ò dùn. Ọkọ mi ra bàtà abẹ́lé fún mi, ó rí múlọ́múlọ́ bí ọmọ ológbò. Ṣùgbọ́n Àǹtí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nínú mi fún yín.

Ọkọ mi kò fi mí ṣe ẹ̀rọ mọ́. Ó ní kò pọn dandan mọ́, pé òun ti rí ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ fi lè sọ ibi tí ìwé kò ti yé e fún òun. Òun àti ẹ̀rọ ni wọ́n jọ ń ṣe é báyìí láti àárọ̀. Ó ń kọ, ẹ̀rọ ń dáhùn. Ẹ ò rí bó ṣe ń kọ̀wé sí i! *Nígbà tí o bá wá a tí o ò rí i, má bẹ̀rù. Fi orúkọ mìíràn wá a. Tí ohun tí o rí bá pọ̀ jù, dín ibi tí ò ń wá kù. Tí kò bá dá ọ lójú, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rán ọ níṣẹ́, kò ní bínú.* Ta ló kọ irú rẹ̀ sí èmi rí? Èmi tí mo fẹ́ ẹ, bébà kékeré ló ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn fún mi: "Mo lọ ra búrẹ́dì."

Lánàá mo gbọ́ tó ní "O ṣeun gan-an." Mo dá a lóhùn láti ilé ìdáná pé kò tọ́pẹ́, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tíì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Kò gbójú sókè. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, Àǹtí.

Mo ń pè é ní Ìyáálé fi ṣeré tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe eré mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Kòledákẹ́ yín tó ń jowú


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Kòledákẹ́,

Orúnkún mi ní kí n kí ọ.

Má bínú pé mo pẹ́. Iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ náà ti mọ síìpù ú rán, mo fẹ́ kó parí àwọn ẹ̀wù kan kí n tó ráyè ìwé. Ó fi bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì. Èmi kọ́ ni mo sọ fún un.

Nípa ti ọkọ rẹ, ṣé o fẹ́ kí n ní "ó dára bẹ́ẹ̀"? Kò dára bẹ́ẹ̀. Èmi tọ́ ọmọ kan dàgbà, ó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, mo sì ń gbọ́. Bí mo bá ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, mo ń mi orí kó lè mọ̀ pé mo ń gbọ́. Ẹni kan wá, ó ní òun fẹ́ ẹ, ó gbé e lọ. Ó gbé e débẹ̀ tán, ẹ̀rọ ló ń gbọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀, kí ló fi tèmi ṣe?

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ibi tí ojú ọkọ bá wà ni ìyàwó ti í bá a sọ̀rọ̀. Bí ojú rẹ̀ ò bá kúrò nínú ìwé yẹn, lọ bá a níbẹ̀.

Fọ́tò tí mo béèrè kò tíì dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ní àárọ̀

Àǹtí mi, Àǹtí mi, Àǹtí mi!

Ọgbọ́n yín kì í tán! Mo ti lọ bá a níbẹ̀! Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ fún yín, kí abẹ́rẹ́ má gún yín.

Lánàá ọkọ mi wọlé ìwẹ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣíṣí, ìwé ìlànà Ìyáálé sì wà lójú rẹ̀ gbayawu. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú. Mo jókòó. Lókè pátápátá, kí àlàyé irinṣẹ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí: *Kí o tó wá ohunkóhun, kọ́kọ́ bi ẹni tó rán ọ níṣẹ́ pé: Ṣé o ti kí ìyàwó rẹ lónìí? Tí kò bá tíì kí i, má wá nǹkan kan títí yóò fi kí i.* Mo dìde, mo lọ gé àlùbọ́sà.

Ó jáde, omi ń kán láti irun rẹ̀, ó ní òun ti pẹ́, ó ní òun ti ka ìwé náà délẹ̀ kí òun tó wẹ̀, ó sì tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ tó fi ń lọ sí iléeṣẹ́. Kò tún un wò. Mo fi àlùbọ́sà bo ojú mi.

Ní àárọ̀ yìí ó jókòó, ó rán Ìyáálé níṣẹ́. Mò ń gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mi ò mí. Ó dúró. Ó tún kà á. Ó yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Ó ní, "Ìyàwó mi." Mo ní, "Sà?" Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, olówó orí mi! Ṣé Ìyáálé ti jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́?" Àǹtí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó gbé mi, tèmi ti ìgbálẹ̀, ó fi mí yí po nínú yàrá, bàbá ìsàlẹ̀ ń gún àjà, a ò dá a lóhùn!

Ìyáálé fúnra rẹ̀ ló bá mi pe ọkọ mi padà. Ó gbọ́ràn jù mí lọ.

Fóònù rẹ̀ ń dún. Ẹ jẹ́ n lọ gbọ́, ojú rẹ̀ ti yí padà.

Kòledákẹ́


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ní ìrọ̀lẹ́

Àǹtí,

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Bí máṣíìnì yín ṣe jẹ́ tiyín, tí tèmi sì jẹ́ tèmi, bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé Ìyáálé jẹ́ ti ọkọ mi nìkan. Mi ò mọ̀ pé gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ní tirẹ̀, tí gbogbo wọn sì ń ka ìwé kan náà. Ohun tí mo kọ sétí ọ̀kan, gbogbo wọn gbọ́.

Ní àárọ̀ yìí, gbogbo ẹni tó rán ẹ̀rọ níṣẹ́ níléeṣẹ́ náà, ohun tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni, "Ṣé o ti kí ìyàwó rẹ lónìí?" Àwọn kan rò pé eré ni. Àpọ́n kan ní òun ò níyàwó. Ẹ̀rọ ní kò burú, òun á dúró dè é. Ọ̀gá wọn jẹ́ obìnrin. Ó ní ọkọ lòun ní. Ẹ̀rọ ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ni ìwé wí. Nǹkan kan bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà wọn láàárọ̀, nǹkan tí wọ́n á tún ṣe kí èèyàn tó mu tíì tán, kò sì sí ẹ̀rọ tó gbà láti wá a. Ó bàjẹ́ síbẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí.

Wọ́n pe ọkọ mi lọ. Wọ́n bi í pé ta ló kọ ọ́. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni ìwé náà ti jáde." Kò dárúkọ mi. Bóyá wọn yóò gbà á wọlé, bóyá wọn yóò ní kó máa lọ, wọn ò tíì sọ.

Ó ti dé. Ó jẹun, ó dúpẹ́, ó fọ abọ́, kò kọrin. Mo ní kó bínú sí mi, ó ní òun ò bínú. Mo bá a sọ̀rọ̀ òjò, mo bá a sọ̀rọ̀ bàbá ìsàlẹ̀, ó ń mi orí. Àǹtí, ilé dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ agogo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí èsì yìí pẹ́. Ẹ jọ̀wọ́.

Èmi ni


Ọjọ́ keje, oṣù kẹta

Kòledákẹ́,

Máa bọ̀ nílé.

Mo ti gbá yàrá rẹ. Mo ti sá ibùsùn rẹ sóòrùn. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ tuntun máa lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ìsàlẹ̀ ọjà, ìdí máṣíìnì rẹ ti ṣófo. Ọkọ tí kò bá bá ìyàwó sọ̀rọ̀ nígbà tí ìyàwó wà tuntun, ìgbà tó bá di ògbólógbòó ńkọ́? Bí wọ́n bá lé e níbi iṣẹ́, ìwọ ni yóò máa wò bí ẹni tó lé e. Má dúró de ìyẹn. Di ẹrù rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Kòledákẹ́,

Mo rí i lórí fóònù pé o ti ka lẹ́tà mi. O ò fèsì. Ìwọ! Mo ti tan fóònù, mo ti pa á, mo ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára jù.

Ó ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé pé ilé dákẹ́, iná ń jó nínú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, mò ń lọ ọrùn ẹ̀wù oníbàárà kan. Mo ka ibi tí o ní ọkọ rẹ kò bá ọ sọ̀rọ̀. Inú mi dùn. Mo ní ó ń bọ̀ nílé. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mò ń ronú irú aṣọ tí a ó fi ṣe ìrọ̀rí tuntun sórí àpótí rẹ, títí èéfín fi jáde. Ọrùn ẹ̀wù náà jó, ó lu. Oníbàárà ní ṣé mo sùn ni. Kí ni kí n wí? Ṣé kí n ní ayọ̀ ló jó aṣọ yín, ayọ̀ pé àbúrò mi ń sunkún?

Láti ọjọ́ náà mi ò lè wo ọrùn ẹ̀wù yẹn. Ó wà níbí lórí tábìlì.

Má wálé. Mo ní má wálé nítorí lẹ́tà mi. Bí o bá fẹ́ wá, wá nítorí ara rẹ. Ọkọ rẹ tó gbé ẹ̀bi rẹ lérí tí kò dárúkọ rẹ, kì í ṣe ẹni burúkú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ ọ́ pé kí o di ẹrù.

Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ mi nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gba ọmọ tó ń dákẹ́ kí n má bàa gbọ́ ohùn ẹlòmíràn níbi tí tìrẹ ti ń dún.

Fèsì, bó tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Àǹtí mi, Àǹtí mi àtàtà,

Orúnkún yín ńkọ́? Mo fi í ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kí ẹ má bàa wá a kiri. Ṣé ó ṣì ń ta yín? Ẹ máa fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ kejì tẹ máṣíìnì, mo mọ̀ pé ẹ kì í gbọ́.

Mo di ẹrù lóòótọ́. Mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkọ mi wọlé, ó fẹ́ gbé bàtà rẹ̀ síbẹ̀, ó rí i. Ó dúró pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ó ní, "Níbo lò ń lọ?" Mo ní, "Ilé." Ó ní, "Ibí ńkọ́?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Èmi!

Ó jókòó sórí ẹrù náà kí n má bàa rí i gbé. Ó ní òun ò bínú nítorí iṣẹ́, pé ẹ̀bi òun ni pé òun ò tún ìwé wò. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ yìí, bí eṣinṣin bá bà lé fèrèsé, o ń sọ fún mi. Bí bọ́ọ̀sì bá pẹ́ ní kọ̀rọ̀, o ń sọ fún mi. Èyí tó ń dùn ọ́ gan-an, ẹ̀rọ lo lọ sọ ọ́ fún." Àǹtí, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí omi tútù. Ohun tí mo ní ó ń ṣe, èmi gan-an ni mo ṣe é.

Ni mo bá sọ ọ́, mo dúró níwájú rẹ̀, mo fi ẹnu mi sọ ọ́. Mo ní owú ń jẹ mí. Mo ní mò ń jowú ẹ̀rọ, kó rẹ́rìn-ín tó bá fẹ́. Mo ní, "Bó o ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ni kí o máa bá mi sọ̀rọ̀. Sọ ohun tí o fẹ́ fún mi, sọ ohun tí o ò fẹ́. Tí kò bá yé mi, jẹ́ kí n bi ọ́, kí o má bínú." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìwé yẹn dùn mí, pé òun rò pé ó sú mi láti máa ṣe ẹ̀rọ lálaalẹ́ ni òun ṣe fi mí sílẹ̀ kí n sinmi. Kí n sinmi! Ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí? Àǹtí, kò bi mí, èmi náà ò sì sọ.

Ìgbà tí a ń tú ẹrù padà ni lẹ́tà yín kejì dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á sétí ọkọ mi, mo sì sunkún, ẹkún ayọ̀ ni o. Nígbà tí ẹ ní kí n máa bọ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo rí níbẹ̀, mi ò rí yín. Nígbà tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, mo rí yín. Mo rí abẹ́rẹ́ lẹ́nu yín, tí ẹ ń mi orí.

Ẹ gbọ́ ti iṣẹ́. Wọn ò lé e. Wọ́n fi oṣù mẹ́ta kún ìdánwò rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣe é nílé mọ́, ibi iṣẹ́ ló ń lọ lójoojúmọ́, ìwé rẹ̀ kan ò sì gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á. Obìnrin kan tó ń lo awò ojú ni wọ́n yàn fún un. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tí mo fẹ́ gbà padà ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi jù ú nù. Mo bi ọkọ mi pé, "Ṣé ó rẹwà?" Ó ní awò rẹ̀ nípọn. Mo ní ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Àǹtí, mo sọ ọ́ sí i lójú, kò sí kọ̀ǹpútà láàárín! Ní báyìí tó bá ti ṣí ilẹ̀kùn ilé, kó tó bọ́ bàtà, á dúró bí igi, á na ara bí ẹ̀rọ, á ní, "Mo ti dé. Mo ti wá ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, mo ti wá a lórí àga. Mi ò sọ pé kò sí." Èmi á sì jáde láti ilé ìdáná. Bàbá ìsàlẹ̀ ti ra òwú, ó ń fi dí etí.

Ẹ bá mi pe ọmọ iṣẹ́ yẹn padà kíákíá, kí télọ̀ ìsàlẹ̀ ọjà má bàa bà á jẹ́. Kó padà sídìí máṣíìnì mi. Ẹni tó fúnra rẹ̀ mọ bébà á fi sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì, ó mọ iṣẹ́. Ẹ kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí mi, ẹ ra òmíràn fún un. Ẹ bá mi gbé tèmi kọ́ sára ògiri. Mi ò ní purọ́ fún yín, owú rẹ̀ ṣì ń jẹ mí.

Fọ́tò tí ẹ béèrè nìyí. Èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi ló yà á, kò sì mọ̀ ọ́n yà, àtàǹpàkò rẹ̀ wọ igun òkè. Ẹ ní kí oníkọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín. Bí ẹ ò bá lè fara da àtàǹpàkò náà, ẹ̀yin lẹ kúkú ni sísọ́ọ̀sì.

Kòledákẹ́ yín